Ìwé Tí Ń Bá Wa Wá Iṣẹ́

 

Nígbà tí a pàdé kẹ́yìn, a kọ́ bí a ti í kọ lẹ́tà sí ẹbí wa tó wà lókèèrè. Lẹ́tà ti òní yàtọ̀. Ẹni tí yóò kà á kò mọ̀ wá rí. Kò mọ bàbá wa, kò mọ ìyá wa, kò mọ bí a ti ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé méjì ni a ó fi ránṣẹ́ sí i. Èkíní ni lẹ́tà tí a fi tọrọ iṣẹ́. Èkejì ni ìwé tó sọ ìtàn iṣẹ́ wa. Èkejì yìí ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní CV.

Ẹ jẹ́ ká ronú díẹ̀. Bí ẹ bá rán ọmọ níṣẹ́ sí àgbà kan, tí ọmọ náà kò jẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹ ti rán an, ta ni ìtìjú bá? Ẹ̀yin tí ẹ rán an ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ń wá iṣẹ́ rí. Ó ń lọ síbi tí a kò sí, ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wa. Bí ó bá ṣì í sọ, a kò ní sí níbẹ̀ láti tún un sọ.

Ẹnìkan lè ní: «Èmi àgbẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi CV ṣe?» Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn lè wá ọdẹ alẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ lè wá alásè. Ilé iṣẹ́ ṣúgà wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ sì wà ní Glo-Djigbé. Bí kò bá kan ẹ̀yin fúnra yín, ó lè kan ọmọ yín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wo àṣìṣe méje tí a sábà máa ń ṣe, àti bí a ó ti yẹra fún wọn.

Àṣìṣe kìíní: Kí ẹlòmíràn kọ ohun tí a kò mọ̀

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, Faransé ni a fi ń kọ ìwé yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀. A máa ń lọ bá atẹ̀wé, tàbí ọmọ wa tó wà ní kọ́lẹ́jì. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ atẹ̀wé bí àlejò, a sanwó, a gba ìwé, a kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan tó ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ awakọ̀ ló ń wá. Ọkọ̀ kékeré ni ìwé àṣẹ rẹ̀ wà fún. Atẹ̀wé fẹ́ ṣe é lóore, ó bá kọ ọ́ pé ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún 5. Kò sọ fún un. Wọ́n pè é. Inú gbogbo ilé dùn, ìyàwó rẹ̀ fọ aṣọ tó dára jù fún un. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù lé e lọ́wọ́. Ó ní òun kò wa irú rẹ̀ rí. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n fi ìka tọ́ka sí i. Kí ló lè sọ? Wọ́n pè é ní òpùrọ́ fún irọ́ tí kò pa. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ilé iṣẹ́ kan náà wá awakọ̀ ọkọ̀ kékeré, iṣẹ́ tó mọ̀ dáadáa. Wọn kò tilẹ̀ ka ìwé rẹ̀ mọ́.

Kí ni a ó ṣe? Kí ẹ tó lọ bá atẹ̀wé, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ìtàn iṣẹ́ yín ní Yorùbá sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín. Bí atẹ̀wé bá parí, ẹ ní kí ó ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀yin náà, ẹ máa fi ìka tẹ̀ lé e nínú ìwé tiyín. Ohun tí kò bá sí nínú tiyín, ẹ ní kí ó yọ ọ́. Ẹ fúnra yín lè yẹ orúkọ àti nọ́ńbà wò. Bí 2015 ti rí ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Faransé.

Àṣìṣe kejì: Orúkọ tí kò bá ìwé ìbí mu

Ní kíláàsì wa, Ọlátúndé ni a ń kọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó kọ ìwé ìbí lè ti kọ ọ́ bí àwọn Faransé ti ń kọ ọ̀rọ̀: OLATOUNDE. Ṣadé lè di CHADE. Bí ìwé ìbí bá wí báyìí, tí CV sì wí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹni tó ń kà á yóò rò pé ènìyàn méjì ni. Bí ẹ ti kọ́ ọ ní kíláàsì dára, ẹ máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà ilé. Nínú ìwé tí ń wá iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ bí ó ti wà nínú ìwé ìbí yín, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì.

Bákan náà ni ọjọ́ ìbí. Nínú ìwé ẹlòmíràn, «né vers 1980» ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé a bí i ní nǹkan bí ọdún 1980. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wá ọjọ́ àti oṣù láti fi kún un.

Àṣìṣe kẹta: Nọ́ńbà tẹlifóònù tí kò lọ mọ́

Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà tẹlifóònù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní 8, ó ti di 10. A fi 01 síwájú nọ́ńbà àtijọ́. Bí CV yín bá ti pẹ́ ju ìgbà yẹn lọ, ẹ yọ ọ́ wò lónìí. Ẹ̀yin ará Tógò, ọ̀rọ̀ 01 yìí kò kàn yín, ṣùgbọ́n ẹ yẹ nọ́ńbà tiyín náà wò.

Bí abúlé yín kò bá gba tẹlifóònù dáadáa, ẹ fi nọ́ńbà ẹnìkan tó wà nílùú kún tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún onítọ̀hún. Bí wọ́n bá pè é, tó sì ní «Ẹ ṣì í pè», iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

Àṣìṣe kẹrin: «N kò ṣe iṣẹ́ kankan rí»

Èyí ló máa ń dùn mí jù. Opó kan wà ní kíláàsì wa. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ń wá alásè. Atẹ̀wé bi í pé: «Iṣẹ́ wo lẹ ti ṣe rí?» Ó ní: «N kò ṣiṣẹ́, ilé ni mo wà.» Atẹ̀wé kọ «ménagère», ìyẹn ni ìyàwó ilé. Ìyókù ìwé náà funfun.

Ó mú un wá sí kíláàsì. Gbogbo wa bá bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè. Ta ló ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà lójú ọ̀nà? Òun ni. Láti ìgbà wo? Láti ọdún 2009. Bí ẹnìkan bá ń ṣe ìgbéyàwó, ta ni wọ́n ń pè wá dáná? Òun ni. Ta ló ń tọ́jú owó àjọ àwọn obìnrin? Òun náà ni. Ohun tí a wá kọ nìyí:

Láti ọdún 2009 títí di òní: mo ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà, nǹkan bí àwo 50 láràárọ̀.
Mo ti dáná níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú fún ènìyàn tó tó 200.
Láti ọdún 2016: mo ń tọ́jú owó àjọ obìnrin 22.

Ìlà mẹ́ta péré ni, kò sì sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Wọ́n pè é wá dáná wò. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di òní. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nítorí náà, fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti ṣe, ẹ sọ nǹkan mẹ́rin: irú iṣẹ́ náà, ibi tí ẹ ti ṣe é, láti ọdún wo dé ọdún wo, àti bí ó ti pọ̀ tó. Iṣẹ́ oko wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wà níbẹ̀.

Àṣìṣe karùn-ún: Ìwé ẹ̀rí tí a kò ní

Àwọn kan ń kọ CEP tàbí BEPC sínú CV, bẹ́ẹ̀ wọn kò gbà á. Wọ́n ní ta ni yóò mọ̀? Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ lè ní kí ẹ mú ìwé náà wá kí òun rí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Bí ẹ kò bá parí ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ kíláàsì tí ẹ dé. Bí kíláàsì àgbà ni ẹ ti kọ́ ìwé, ẹ kọ ọ́ pé ẹ mọ Yorùbá kà, ẹ sì mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ kọ gbogbo èdè tí ẹ gbọ́: Yorùbá, Gùn, Fọ̀n. Ọdẹ tàbí alásè tó gbọ́ èdè mẹ́ta wúlò. Bí Faransé bá jẹ́ díẹ̀, ẹ kọ «díẹ̀».

Àṣìṣe kẹfà: Lẹ́tà kan fún gbogbo ibi

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ló ṣe èyí. Ní ọdún 2012, mo ń wá iṣẹ́ akọ̀wé. Mo kọ lẹ́tà kan, mo sì ń ṣe àdàkọ rẹ̀ káàkiri. Ní ibì kan, obìnrin tó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi kà á, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dá a padà. Orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn ni mo fi sílẹ̀ lókè rẹ̀! Ó ní: «Ẹ lọ bá àwọn tí ẹ kọ ọ́ sí.» N kò gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ẹ kọ lẹ́tà tuntun fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, ẹ dárúkọ iṣẹ́ tí ẹ ń fẹ́. Ẹ má kọ «iṣẹ́ yòówù». Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta sọ ìdí tí ẹ fi lè ṣe é. Bí ẹ bá parí, ẹ fọwọ́ sí i.

Àṣìṣe keje: Ọ̀rọ̀ púpọ̀ àti ìwé ìdọ̀tí

Ẹni tó ń ka ìwé yìí lè ní ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ lórí tábìlì. Ojú ewé kan tó. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ẹ máa padà sẹ́yìn. Kò sí ìdí láti sọ ẹ̀sìn yín, tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ wà.

Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó mú ìwé náà. Ẹ má ká a sí àpò ẹ̀wù, epo àti òógùn á bà á jẹ́. Ẹ fi sínú àpò ìwé tó mọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ìwé ìbí wá, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà náà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ìyá ìwé kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ẹ̀dà CV kan pa mọ́ sílé pẹ̀lú, kí ẹ lè rántí ohun tí ẹ kọ bí wọ́n bá pè yín.

Ẹ̀yin ará wa, a kò sọ pé ẹni tó bá kọ ìwé rere, dandan ni kó rí iṣẹ́. Iṣẹ́ kò tó, àwọn tó ń wá a sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó dunni bí ẹni tó mọṣẹ́ bá pàdánù rẹ̀ nítorí nọ́ńbà kan, tàbí nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn fi sí i lẹ́nu. Nígbà tí a kò mọ̀wé, a lè sọ pé a kò mọ̀. Nísinsìnyí, a ti mọ̀ ọ́n kà.

Iṣẹ́ ilé

Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yín. Ẹ fi Yorùbá dáhùn àwọn ìbéèrè yìí:

1. Báwo ni a ti kọ orúkọ mi sínú ìwé ìbí?
2. Nọ́ńbà wo ni a lè fi pè mí? Ta tún ni a lè pè?
3. Iṣẹ́ wo ni mo ti ṣe, níbo, láti ọdún wo dé ọdún wo?
4. Kíláàsì wo ni mo dé? Iṣẹ́ ọwọ́ wo ni mo kọ́?
5. Èdè mélòó ni mo gbọ́?

Ẹ fún ẹnìkejì yín ní kíláàsì kí ó kà á. Ẹ bi í pé: «Ǹjẹ́ mo gbàgbé iṣẹ́ kan?» Ẹ ó rí i pé ó máa ń rántí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò kà sí iṣẹ́.