Fóònù kan náà, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: èwo ni ká mú?

Yorùbá ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọ̀ aṣọ wà lára ohun tí a fi ń dá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kò lè sọ ohun tó wà nínú fóònù.

Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ẹni tó ní Nokia 3310 lè bọ́ èèpo rẹ̀, kó fi aláwọ̀ mìíràn rọ́pò. Èyí tó pọ̀ jù nínú fóònù òde òní kò ṣe é bọ́ bẹ́ẹ̀; àwọ̀ tí a bá rà la ó máa lò. Síbẹ̀, bí orúkọ àti àyè ìkó-nǹkan-pamọ́ wọn bá dọ́gba, bátìrì dúdú kò yàtọ̀ sí ti funfun. Bí oníṣòwò bá bu owó lé aláwọ̀ wúrà, ẹ bi í léèrè ohun tó fi ju dúdú lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tó jáde bá ti ara páálí mu.

Fún àgbẹ̀, pupa tàbí funfun ni ojú tètè ń rí bó bá bọ́ sínú koríko. Dúdú sì máa ń tètè gbóná nínú oòrùn. Bí ẹ bá sì máa fi rọ́bà bò ó, àwọ̀ náà kò ní hàn mọ́. Ẹ mú èyí tó wù yín, ṣùgbọ́n ohun inú rẹ̀ ni kí ẹ sanwó fún.