Kí Ọwọ́ Tó Kan Ọ̀dà

Ọyẹ́ ti mú gan-an n'Ìbàdàn láàárọ̀ tí mo yà sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò lójú ọ̀nà Àkóbọ̀. Toyota dúdú kan ló wà lábẹ́ ìbòòji, eruku ti bò ó débi pé èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i lára. Màmá tó ni ín ti mú àkísà gbígbẹ, ó fẹ́ fi nu orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀gá tó ń fọ mọ́tò bá yára dá a dúró: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún ní gbígbẹ. Yanrìn lẹ fẹ́ fi ha á yẹn."

Òótọ́ ló sọ. Eruku ọyẹ́ tó ń ti apá Sàhárà wá, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbéra láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ní kúọ́tìsì nínú, òkúta tó le ju gíláàsì lọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n máa ń fọ́n lé ọ̀dà aláwọ̀ lórí, èyí tó ń jẹ́ kí mọ́tò dán, kò nípọn rárá. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 20, ọ̀kan péré nínú rẹ̀ ni, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Irun orí ọ̀pọ̀ nínú wa nípọn jù ú lọ.

Omi lásán ni ọ̀gá náà fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ọṣẹ, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń fi ipá fọ́n omi, ó takété díẹ̀ sí ara ọkọ̀, ó sì ń fọ́n ọn láti òrùlé wá sísàlẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ ṣàn bọ́ sílẹ̀ pupa, ó sì ki. Kò dúró àfìgbà tó rí i pé omi tó ń kán ní etí bọ́ǹpà ti mọ́ kedere. Ìgbẹ́ ẹyẹ kan ti gbẹ mọ́ òrùlé. Ó fi aṣọ tútù lé e, ó sì fi í sílẹ̀ kó rọ̀. Ibòmíì tí mo mọ̀, èékánná ni wọn ì bá fi ṣí i.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọṣẹ mọ́tò wà nínú ọ̀kan, omi lásán wà nínú ìkejì. Kì í lo ọṣẹ lílọ̀ tí a fi ń fọṣọ, torí ó máa ń bó wáàsì kúrò lára ọ̀dà. Kì í sì í lo fóòmù, ìbọ̀wọ́ onírun gígùn ló kì bọ ọwọ́: ojú fóòmù tẹ́jú, yanrìn tó bá sì lẹ̀ mọ́ ọn, ara ọ̀dà ni yóò máa wọ́ kiri. Ó rì í bọ ọṣẹ, ó fà á gbọọrọ lórí òrùlé, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, láìyí i po. Bó bá ti fọ apá kan tán, ó di inú omi lásán, ó fún un dáadáa, kó tó padà sínú ọṣẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lásán náà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yanrìn ti silẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo omi tí wọ́n ti fọ́n! Ara ọ̀dà ni ìyẹn ì bá padà sí ká ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni. Ó dùn mí pé ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń fi omi kan fọ mọ́tò láti àárọ̀ dọ̀sán, tí fóòmù tó fọ táyà tún ń gun bọ́nẹ́ẹ̀tì. Níbí, táyà ní búrọ́ọ̀ṣì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Aṣọ bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kan. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ.

"Jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ mú òmíì."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá."

Wọ́n ń ṣan apá kọ̀ọ̀kan kí ọṣẹ tó gbẹ, torí ọyẹ́ kì í fi omi sílẹ̀ pẹ́. Nígbà tó kan nínù, wọ́n tẹ́ tówẹ̀lì fẹ̀ńfẹ̀ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n rọra fà á wá sọ́dọ̀ ara wọn. Ẹnikẹ́ni ò fi agbára nù ún.

Ọ̀gá wá tan tọ́ọ̀ṣì sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ àtijọ́ yí iná náà po bí òwú aláǹtakùn. Ó ṣàlàyé fún Màmá pé wọ́n lè fi póólíìṣì dín in kù, ṣùgbọ́n póólíìṣì ń bó díẹ̀ lára ọ̀dà náà lọ, nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe lóòrèkóòrè. Màmá bi í nípa ìyẹ́ adìẹ tí ọmọ rẹ̀ fi ń gbọn eruku mọ́tò láràárọ̀.

"Ẹ ní kó dá a dúró, Màmá, títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Bí eruku bá yọ yín lẹ́nu, kó da omi lé e."