Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Ṣe É?

Bí ìjì bá ṣí òrùlé nínú agbo ilé, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Baálé yóò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé, àwọn àna yóò gbé òòlù wá, àwọn obìnrin yóò gbé ìkòkò kaná, ọ̀wẹ̀ yóò sì ti bo ilé náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé bàbá ẹni ni.

Ọ̀rọ̀ máa ń yí padà lọ́jọ́ tí èèyàn bá di ayálégbé. Ẹni tó ti gbélé ní Ìbàdàn tàbí Èkó mọ̀ ọ́n: omi ń jò sórí ibùsùn lóru, a pe onílé, ó ní òun ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. A pe kápẹ́ńtà fúnra wa, a ra páànù, a fi rìsíìtì pamọ́. Nígbà tí owó ilé bá tó san, a ó mú rìsíìtì náà lọ bá bàbá onílé, a ó kí wọn dáadáa, a ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Onílé tó láàánú á yọ ọ́. Èyí tí kò láàánú á bi wá pé, "Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ ká gbé dání lọ sí Tógò, torí pé òfin ibẹ̀ ní ìdáhùn kan sí i tí mo fẹ́ kí tiwa náà ní.

Ẹ jẹ́ ká gba Kambolé lọ. Ìlú náà wà lábẹ́ Tchamba, nítòsí ààlà Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀yà èdè Yorùbá sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọmọ Kambolé tó bá fẹ́ wá ọjà tó tóbi yóò gba Tchamba kọjá, láàárín àwọn tó ń sọ Akaselem, yóò tún rin bíi kìlómítà 35 sí ìwọ̀-oòrùn kó tó dé Sokodé, níbi tí Tem ti jẹ́ èdè ọjà. Tem ni yóò fi bá onílé ná owó ṣọ́ọ̀bù. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin tó de àwọn méjèèjì.

Ká ní télọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àkókò òjò máa ń wáyé lágbègbè yẹn, kò rí bíi ti Lomé tó ń rí i lẹ́ẹ̀mejì, ìjì tó sì ń ṣíwájú òjò náà le. Ó ṣí páànù mẹ́fà. Aṣọ oníbàárà wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, òjò mìíràn sì ti ń ṣú bọ̀.

Orílẹ̀-èdè 17 ló pa òfin òwò wọn pọ̀ sábẹ́ àjọ OHADA, Tógò sì wà lára wọn. Ní Lomé gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí òfin òwò gbogbogbòò tí wọ́n ń lò báyìí, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010. Abala 106 rẹ̀ ní onílé ni yóò fi owó ara rẹ̀ ṣe àtúnṣe ńlá tó bá di kánjúkánjú nínú ilé tí èèyàn fi ń ṣòwò. Ó dárúkọ wọn pẹ̀lú: ògiri tó gbé ilé ró, igi òrùlé, òrùlé fúnra rẹ̀, ògiri ọgbà, títí dórí kòtò ilé ìyàgbẹ́. Títọ́jú ilé lójoojúmọ́ ló kan ayálégbé.

Abala 107 ló tẹ̀ lé e. Bí onílé bá kọ̀ láti ṣe àtúnṣe ńlá tó jẹ́ tirẹ̀, ayálégbé lè lọ bá adájọ́, kí adájọ́ yára gbọ́ ọ, kó sì fún un láṣẹ láti ṣe é lórúkọ onílé. Adájọ́ yìí kan náà ni yóò sọ iye tí iṣẹ́ náà jẹ́ àti bí onílé yóò ṣe dá owó náà padà. Bí wọ́n bá wá bi télọ̀ náà pé ta ló ní kó ṣe é, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí kápẹ́ńtà tó gun òkè: ilé-ẹjọ́ ni.

Mo mọ̀ pé òjò kì í dúró de adájọ́. Mo sì mọ̀ pé owó àti àkókò tí ilé-ẹjọ́ ń gbà lè ju owó páànù mẹ́fà lọ, èyí sì ń dùn mí, nítorí ẹni tí páànù mẹ́fà ń dà láàmú gan-an ni òfin yìí yẹ kó ràn lọ́wọ́. Kó ta tapólì bo ọjà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó ya fọ́tò, kó kọ̀wé sí onílé, kó tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Bí agbára rẹ̀ bá ká a, kó pe òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní huissier kó wá wo ibi tó bàjẹ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Yàrá tí télọ̀ náà ń sùn sí kò sí lábẹ́ òfin ṣọ́ọ̀bù yìí. Òfin ìlú Faransé ti ọdún 1804, tí Tógò jogún, ló ń darí ìyẹn. Nínú rẹ̀, onílé ló ni gbogbo àtúnṣe àfi àwọn kéékèèké. Lára àwọn kéékèèké náà ni ibi ìdáná, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ìrẹ́lé ògiri láti ìsàlẹ̀ dé mítà kan sókè, àti gíláàsì fèrèsé, àyàfi tó bá jẹ́ yìnyín ló fọ́ ọ. Mo fẹ́ràn yìnyín yẹn púpọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ rò ó pé kò yẹ kí ayálégbé san owó ohun tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Kódà àwọn àtúnṣe kéékèèké yẹn kúrò lọ́rùn ayálégbé bó bá jẹ́ pé ogbó ló bà wọ́n jẹ́, tàbí àjálù tí agbára ẹnikẹ́ni ò ká.

Nílé wa náà, òfin ilé gbígbé ti Èkó, ti ọdún 2011, fún ayálégbé tó mú ilé dára sí i láǹfààní láti béèrè owó rẹ̀ bí onílé bá ní kó kó jáde. Ṣùgbọ́n onílé gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i nínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ṣọ́ọ̀bù ní Tchamba tàbí Sokodé, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú, ẹ jọ̀ọ́, bí onílé bá fi ẹnu sọ fún yín lórí fóònù pé kẹ́ ẹ máa tún un ṣe, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó ra páànù.