Ohùn Dókítà àti Ìgbẹ́kẹ̀lé Aláìsàn: Ohun tí ó Kan Olùkọ́ Èdè

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé bí òwe yìí ṣe rí ní yàrá dókítà, àti ìdí tí ó fi kan àwa olùkọ́ èdè abínibí.

Ìkíni àti Ọ̀wọ̀
Mo mú ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan nígbà kan. Dókítà àgùnbánirọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kí wọn. Ó kàn bi wọ́n pé, 'Kí ni ó ń ṣe ọ́?' Wọ́n ní, 'Ibà ni.' Ó kọ oògùn ibà. Ọ̀nà ilé ni wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni àwọn ń dìde lọ tọ̀ lóru. 'Ọmọ tí kò kí mi, báwo ni n ó ṣe bá a sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ mi?' Nígbà tí a padà lọ, dókítà mìíràn ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Kí ni ó ń ṣe yín?' Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni àyẹ̀wò fi hàn.

Dókítà àkọ́kọ́ kò fẹ́ tàbùkù wọn. Ọmọ Ìgbò ni. Ní èdè Ìgbò, 'gị' ni a ń lò fún ọmọdé àti àgbà. Ẹni púpọ̀ nìkan ni 'unu' wà fún. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ pé 'ẹ' àti 'yín' ni ti àgbà lédè Yorùbá.

Ìfetísílẹ̀
Ìwádìí Beckman àti Frankel ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1984 fi hàn pé, ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 18 péré ni aláìsàn ń sọ̀rọ̀ kí dókítà tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣáájú èyí, lọ́dún 1968, Korsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ àbẹ̀wò 800 wò ní ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Los Angeles: àwọn ìyá tí ọ̀rọ̀ dókítà tẹ́ lọ́rùn ni wọ́n tẹ̀lé ìtọ́ni rẹ̀ jù. Lédè Yorùbá, ewu ìjálu-ọ̀rọ̀ kò kéré, nítorí 'ibà' lè jẹ́ ibà tí ẹ̀fọn ń fà, ibà pọ́njú, tàbí ara gbígbóná lásán.

Iṣẹ́ Tiwa
Ẹ jẹ́ kí a máa lo ìsọ̀rọ̀gbèsì dókítà àti aláìsàn fún àwọn tí ń kọ́ èdè wa gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kíni. Kí ó yan arọ́pò-orúkọ tí ó yẹ. Kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin. Kí ó lo àdàpè, bí 'ṣe ìgbọ̀nsẹ̀' dípò 'ṣu'. Kí ó sì ní kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ tún ìlò oògùn sọ. Kí olùkọ́ Ìgbò, Hausa tàbí Ẹdó náà wá ọ̀nà tí èdè tirẹ̀ ń gbà bu ọ̀wọ̀ fúnni.

Ìkádìí
Oògùn kì í wo àìsàn tí a kò sọ. Ẹni tí a bá kọ́ ní èdè ọ̀wọ̀ ni aláìsàn yóò lè sọ ọ́ fún.