Ǹjẹ́ Ogun Tí Kò Ní Ibùdó Lè Borí?

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ní Old Trafford ní agbègbè Manchester, nígbà tí òjò kò bá jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde, ẹ ó máa rí wọn nídìí kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ti ń ja ogun ojú ọ̀run. Bí ẹ bá fetí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ àríyànjiyàn kan lẹ́nu wọn: ṣé ẹgbẹ́ ogun tí kò ní ibùdó rárá, tó kàn ń fi ọkọ̀ òfuurufú rìn káàkiri, lè borí àwọn tó tẹ̀dó síbì kan? Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ ọmọdé. Àwọn baba ńlá wa ti dán an wò. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò yín náà ti dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo eré náà. Nínú StarCraft, tó jáde ní ọdún 1998, ẹ̀yà tí à ń pè ní Terran lè gbé púpọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀ fò lọ sí ibòmíràn bí ọ̀tá bá dé. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ilé tó wà lófuurufú kò lè pèsè ọmọ-ogun, kò sì lè gba ohun àlùmọ́nì tí à ń fi ṣe ohun ìjà. Ẹni tí kò bá sì ní ilé kankan mọ́ ti pàdánù nìyẹn, bí ọmọ-ogun rẹ̀ tilẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún. Alárìnkiri a máa yára, ọ̀tá kì í mọ ibi tí yóò ti kọlù ú. Ṣùgbọ́n ohun tó bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ní àrọ́pò.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nílẹ̀ Yorùbá láyé ogun. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ-ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé, pa Òwu run, wọn kò tú ká. Wọ́n ń ti ìlú Ẹ̀gbá kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń jẹ oko olóko. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oko tí ogun bá sì ti jẹ tán kì í bọ́ ogun náà lẹ́ẹ̀kejì. Ní nǹkan bí ọdún 1829, wọ́n tẹ̀dó sí Ìbàdàn, ìlú Ẹ̀gbá tí ó ti di ahoro. Àgọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ilé àti oko ló sọ ọ́ di ìlú. Ní 1840, àwọn ọmọ-ogun tó jáde láti ibẹ̀ ló ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin ní Òṣogbo.

Ẹ wá yẹ pápá tó wà nítòsí yín wò. Ní oṣù Kẹta ọdún 1941, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ba pápá Old Trafford jẹ́. Manchester United di aláìnílé. Pápá Manchester City ní Maine Road ni ó ń yá lò, ó sì ń san £5,000 lọ́dún pẹ̀lú ìpín nínú owó ìwọlé. Síbẹ̀, lábẹ́ Matt Busby, ó fi 4-2 na Blackpool, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ FA ní 1948. Ẹ ó ní aláìnílé borí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé onílé ló gbé e ró, ó sì sanwó rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949, ó padà sí pápá rẹ̀.

Ìdáhùn wa nìyí: ogun aláìníbùdó lè borí lónìí, ṣùgbọ́n kò lè pẹ́ bí kò bá rí ẹni bọ́ ọ. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi, tí à ń kó láti ilé kan sí èkejì, mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà mìíràn tí àwọn ọmọ bá jókòó sídìí eré wọn, ẹ sún mọ́ wọn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè pé: níbo ni oúnjẹ ogun yín ti ń wá?