Ààlà Iṣẹ́ àti Ìpele Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ láti Ojú Irin Èkó

Ààlà iṣẹ́ ni gbogbo ohun tí ìwé àdéhùn ní kí agbaṣẹ́ṣe ṣe. Ìpele iṣẹ́ ni apá tí a óò kọ́kọ́ parí. Ètò ojú irin aláwọ̀ búlúù ti Èkó, láti Marina dé Okokomaiko, jẹ́ kìlómítà 27. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lórí kìlómítà 13 àkọ́kọ́, dé Mile 2. Bí a bá pe èyí ní 'ìdínkù iṣẹ́', ará Okokomaiko yóò rò pé wọ́n ti yọ òun kúrò. Ìpele ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ibùdókọ̀ kan kún ètò, ààlà ni a sún: ó yẹ kí á kọ́kọ́ tún owó àti ọjọ́ dá nínú ìwé àdéhùn. Bíi ti oko ni. Ẹni tí ó sún ààlà láìsọ, ìjà ni ó ń wá.