Eyín tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tún ń dunni: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká rọ́pò rẹ̀?

Ọjà kì í dúró de ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta iṣu ní Atakpamé ṣe àpẹẹrẹ. Dókítà eyín ti fọ inú gbòǹgbò eyín rẹ̀ kan, ó dí i, ó sì fi ìbòrí bò ó. Ìrora kò lọ. Wọ́n la èrìgì, wọ́n gé ṣóńṣó gbòǹgbò náà kúrò. Lẹ́yìn ọdún méjì, èrìgì tún wú, ọyún ń jáde. Dókítà kan ní kí wọ́n tún iṣẹ́ abẹ náà ṣe. Òmíràn ní kí wọ́n yọ eyín náà, kí wọ́n fi eyín onírin rọ́pò rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kí ìyá yìí tó náwó, ìbéèrè kan ló ṣe pàtàkì jù: kí ló dé tí èyí àkọ́kọ́ kò fi jinná?

Ohun tó fà á ló ń pinnu

Bí gbòǹgbò bá ti sán, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Owó tí a bá ná lé e, omi ló dà á sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí egungun tó di eyín mú bá ti jẹ tán.

Ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò bá lágbára, tó jẹ́ pé kòkòrò ló kù sí ihò kan tí wọn kò rí, tàbí pé ohun tí wọ́n fi dí i ń jò, a ṣì lè gba eyín náà là. Nígbà mìíràn, wọ́n lè gba òkè wọlé tún gbòǹgbò fọ̀, láì la èrìgì. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í sábà jinná tó ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó sì ní awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ló yẹ ẹ́.

Eyín onírin ńkọ́?

Táítáníọ̀mù ni irin náà. Per-Ingvar Brånemark, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló rí i pé egungun máa ń dì mọ́ ọn. Ní 1965 ló fi sí ẹnu èèyàn àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà sì lò ó títí tó fi kú ní 2006.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Egungun máa ń gba bí oṣù 3 sí 6 kó tó di irin náà mú dáadáa, kí wọ́n tó gbé eyín lé e. Sìgá àti àtọ̀gbẹ tí a kò kápá máa ń bà á jẹ́. Irin kì í jẹrà bí eyín, ṣùgbọ́n èrìgì tó yí i ká lè ṣàìsàn bí a kò bá máa fọ̀ ọ́.

Owó àti ọ̀nà

Láti Atakpamé dé Lomé tó bí 160 kìlómítà. Kí ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti ọjọ́ ọjà tí ẹ máa pàdánù mọ́ owó iṣẹ́ náà. Ẹ béèrè ohun tí AMU yóò san àti èyí tí kò ní san. Ẹ tún béèrè nípa eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ, torí owó rẹ̀ kéré sí ti onírin.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò eyín náà, èyí tí à ń pè ní rádíò, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kejì. Bí gbòǹgbò bá ṣì dára, ẹ má kánjú yọ ọ́. Eyín àgbà tó bá kúrò kì í hù mọ́. Bó bá ti sán, ẹ má fi ogún ọmọ yín tún un ṣe.

Oògùn tí a rà lórí àtẹ lè mú ìrora rọlẹ̀, kò lè pa kòkòrò inú gbòǹgbò tán. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń wú, tí ibà dé, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì: ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.